Ọmọ Òkè-Ògùn tó fẹ́ di ẹnjinía: Orúkọ yunifásítì nìkan kọ́ ló yẹ kó wò

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í wo ariwo ọjà, ẹni tí a bá wá là ń wò. Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kí òbí àti ọmọ ní agbègbè Òkè-Ògùn fi sọ́kàn nígbà tí àsìkò fọ́ọ̀mù JAMB bá dé.

Bí ọmọ kan bá sọ ní Ṣakí, Ìsẹ́yìn, Kìṣí tàbí Òkehò pé iṣẹ́ ẹnjinía tí ń la ọ̀nà, tó ń kọ́ afárá àti ilé lòun fẹ́ kọ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ bàbá rẹ̀ kì í ju, “Yunifásítì wo?” lọ. Ọmọ á ní, “Bàbá mi, Ìbàdàn ni mo fẹ́ lọ, ẹ jọ̀ọ́.” Ìyá á ní kó wá tòsí kí owó ọkọ̀ má baà pọ̀. Kò sí ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú: ṣé wọ́n ti fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ civil engineering ní ilé ìwé náà?

Iṣẹ́ tó wà nílé dè wọ́n

Ìjọba ìbílẹ̀ 10 nínú 33 tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló jẹ́ ti Òkè-Ògùn. Ilẹ̀ náà fẹ̀, àwọn ìlú jìnnà síra wọn, ó sì ti pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ ti ń sunkún pé ọ̀nà tí kò dára ló ń jẹ́ kí iṣu àti ẹ̀gẹ́ bàjẹ́ kó tó dé ọjà. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn tí ìjọba Gómìnà Ṣèyí Mákindé tún ṣe, tó gùn tó kìlómítà 65, jẹ́ kí aráàlú rí ìyàtọ̀ tí ọ̀nà gidi ń ṣe. Ìsédò Ìkéré Gorge tó wà lórí odò Ògùn nítòsí Ìsẹ́yìn náà jẹ́ ẹ̀kọ́. Láyé ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ló kọjá láìjẹ́ pé aráàlú rí iná àti omi tí wọ́n tìtorí rẹ̀ sé odò.

Àwọn tó mọ bí yangí ilẹ̀ wọn ṣe ń ṣe lójò àti lẹ́ẹ̀rùn ló yẹ kó wà lára àwọn tí yóò máa ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ta ló ń fọwọ́ sí i?

Àjọ NUC ló ń yẹ ẹ̀kọ́ wò ní yunifásítì. Kì í ṣe ilé ìwé lódindi ni wọ́n ń fọwọ́ sí, ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni. Yunifásítì lè lókìkí nídìí ìmọ̀ òfin, kí ti ẹnjinía rẹ̀ má tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó bá yege pátápátá ń gba ọdún 5, èyí tó kù díẹ̀ káàtó ń gba ọdún 2, kí wọ́n tó tún yẹ̀ ẹ́ wò.

COREN, àjọ tí òfin ọdún 1970 gbé kalẹ̀, ló ń forúkọ àwọn ẹnjinía sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Òun náà ń yẹ ẹ̀kọ́ ẹnjinía wò. Ẹni tó bá lo ọdún 5 nílé ìwé tí COREN kò fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lè rí ìṣòro nígbà tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ eré kọ́ lèyí. Ilé alájà 21 tó wó ní Ìkòyí, l'Ékòó, lóṣù kọkànlá ọdún 2021, pa èèyàn tó lé ní 40.

Àwọn tó wà nítòsí

LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1990, tó sì di ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìkan lọ́dún 2020, ń kọ́ni ní civil engineering. Kí òbí má ṣì í gbọ́ o: ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n gbé lọ sí ọgbà LAUTECH tó wà ní Ìsẹ́yìn, kì í ṣe ti ẹnjinía. Yunifásítì Ìbàdàn, OAU ní Ilé-Ifẹ̀, FUNAAB ní Abẹ́òkúta àti FUTA ní Àkúrẹ́ náà ń kọ́ ọ. Ará Kìṣí àti Ìgbẹ́tì lè wo apá Ìlọrin.

Ibi yòówù kó jẹ́, ọmọ gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì 5, kí Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísìrì sì wà níbẹ̀. Àwọn mẹ́rin yìí náà ni yóò ṣe nínú ìdánwò JAMB. Níbi tí kò bá ti sí olùkọ́ físíìsì, láti SS1 ló ti yẹ kí òbí wá ẹni tí yóò kọ́ ọmọ, kì í ṣe nígbà tí WAEC bá ku oṣù mẹ́ta.

Poli kì í ṣe ibi tí a já ọmọ sí

Ẹni tó bá gba poli lọ yóò fi ọdún 2 gba ND, yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún 1, lẹ́yìn náà ni HND ọdún 2. Bí ND rẹ̀ bá dára, àwọn yunifásítì kan ń gbà á sí ọdún kejì, ṣùgbọ́n òfin wọn kò dọ́gba, kó béèrè kó tó gbọ́kàn lé e. COREN ń fi orúkọ ẹni tó ní HND sábẹ́ àwọn technologist. Bó bá fẹ́ jẹ́ ẹnjinía gan-an, ó ṣì ní ìwé mìíràn láti kà. Ẹ̀ka Poli Ìbàdàn tó wà ní Ṣakí tẹ́lẹ̀ ló di Oke-Ogun Polytechnic. Kí ẹni tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀ kọ́kọ́ wo ìwé ìfọwọ́sí NBTE fún ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kà.

Ti owó ńkọ́?

Láti ọdún 2024 ni àjọ NELFUND ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé ìjọba lówó tí kò ní èlé. Ilé ìwé ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ náà fún tààrà. Ó ń ran ọmọ tálákà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n gbèsè ni, a óò san án padà.

Kí òbí tó san kọ́bọ̀, kó lọ wo yàrá tí wọ́n ti ń dán kọ́ńkéré àti ilẹ̀ wò, kó béèrè bóyá ẹ̀rọ ibẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kó sì bi wọ́n níbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣe SIWES olóṣù 6. Owó ọkọ̀ ọjọ́ kan kò tó ọdún 5 téèyàn fi ṣòfò.