Orín Ata àti Ẹ̀jẹ̀ Tí Ó Tẹ̀ Bí Dòjé

Kò sí àgbà kan nínú wa tí kò mọ irú ọmọ yìí rí: oríkèé ara a máa ro ó lóru, ẹyinjú rẹ̀ a pọ́n rusurusu, lónìí a dùbúlẹ̀ bí ẹni tí kì yóò dìde mọ́, lọ́la a ó tún rí i lójú ọ̀nà ilé-ìwé. Àwọn baba wa pe àrùn náà ní fòníkú-fọ̀ladìde. Bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá kú, tí àbúrò rẹ̀ sì kú tẹ̀lé e, wọn a ní àbíkú ni, wọn a sì kọ òkú rẹ̀ ní ilà. Èmi kò fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti rí i pé ó ń tẹ̀lé ìdílé, òtítọ́ sì ni.

Ní ọdún 1910, dókítà James Herrick ti ìlú Chicago kọ̀wé nípa ẹ̀jẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó wá láti erékùṣù Grenada. Lábẹ́ awò tí í mú ohun kékeré di ńlá, ó rí i pé ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì pupa, tí ó yẹ kí ó rí rìbìtì, ti gùn, wọ́n sì tẹ̀ bí dòjé. Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ kíkíní tí a fi kọ́ ara, bí bíríkì ti rí sí ilé. Àwọn pupa ni ó ń ru ọ́síjìn, afẹ́fẹ́ rere tí a mí sínú, kiri ara, ohun tí wọ́n sì fi ń rù ú ni hẹmoglóbìnì. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé hẹmoglóbìnì àwọn aláìsàn yìí yàtọ̀. Bí ó bá ti sọ ọ́síjìn kalẹ̀, a so mọ́ra bí okùn, a sì fa sẹ́ẹ̀lì náà gùn. Sẹ́ẹ̀lì tí ó péye a máa lo nǹkan bí 120 ọjọ́. Onídòjé kì í sábà kọjá 20. Àwọn tí ó tẹ̀ a máa dí iṣan tóóró, níbẹ̀ ni ìrora ti ń wá.

Kí ni a lè fi dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì náà kí ó má baà tẹ̀? Ní Yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, àwọn olùwádìí ń dán omi orín tí a fi ń fọ ẹnu wò, bóyá ó lè pa kòkòrò àrùn. Wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ inú àwo tí wọ́n fi omi orín ata sí kò pàwọ̀ dà. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn! Ní 1971, Sofowora àti Isaacs kọ ọ́ jáde pé omi gbòǹgbò rẹ̀ mú sẹ́ẹ̀lì tí ó ti tẹ̀ padà sí ìrísí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n inú ìgò ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ara ènìyàn kì í ṣe ìgò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe se gbòǹgbò náà fún ọmọ kí ó sì pa ilé ìwòsàn tì. Oògùn hydroxyurea, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún àgbàlagbà ní 1998, a máa mú kí ara tún ṣe irú hẹmoglóbìnì tí ọmọ inú oyún ní, èyí tí kì í so mọ́ra.

Baba fún ọmọ ní ìpín kan, ìyá fún un ní ìpín kan. Ẹni tí ó gba S lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì ni àrùn ń ṣe. Ẹni tí ó gba A àti S, ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ó lè fi S náà lé ọmọ lọ́wọ́. Ọkùnrin kan, AS ni òun àti aya rẹ̀, bí ọmọ mẹ́ta tí ara wọn le. Ó wí fún mi pé ẹkẹrin ni yóò gba àrùn náà nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Oyún kọ̀ọ̀kan ni a ń pín tirẹ̀ fún lákọ̀tun, ewu rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin, ìbáà ṣe àkọ́bí, ìbáà ṣe àbíkẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni ilé ìwòsàn ń gbà kí wọ́n tó sọ ipò ẹni fún ni, a sì lè ṣe é kí a tó gbé ẹrù ìdána.