Aṣọ tuntun lára ìwé àtijọ́: ibi tí agbára èèpo ìwé mọ

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sì ni ọ̀rọ̀ ìwé rí. Kí òǹkàwé tó ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́, èèpo rẹ̀ ti bá a sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé kì í fi í yé ya àwòrán tuntun síwájú àwọn ìwé ìtàn àròsọ tó ti lókìkí láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọ̀rọ̀ ajé wà níbẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Nàìjíríà, bí 70 ọdún bá ti kọjá lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé, ẹ̀tọ́ tó dáàbò bo ìwé rẹ̀ ti dópin nìyẹn, ẹni tó bá wù ú sì lè tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí ilé-iṣẹ́ mẹ́wàá bá tẹ ìwé kan náà, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò yàtọ̀. Èèpo ni oníbàárà yóò fi mọ tẹni kan yàtọ̀ sí tẹlòmíràn.

Síbẹ̀, èèpo ìwé kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Franz Kafka, òǹkọ̀wé ọmọ ìlú Prague tó ń fi èdè Jámánì kọ̀wé, mọ èyí dájú. Lọ́dún 1915, wọ́n fẹ́ tẹ Die Verwandlung, ìtàn rẹ̀ nípa ọkùnrin kan tó jí láàárọ̀ tó rí i pé òun ti di kòkòrò. Kafka kọ lẹ́tà sáwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ pé kí ayàwòrán wọn, Ottomar Starke, má ṣe ya kòkòrò náà rárá, àní kó má tilẹ̀ yà á láti òkèèrè. Nígbà tí ìwé jáde, ohun tó wà lára rẹ̀ ni ọkùnrin kan tó fọwọ́ bojú, tó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn tó ṣí sínú òkùnkùn. Òǹkàwé ni yóò fojú inú ara rẹ̀ rí ìyókù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di àríyànjiyàn ni ìlú New York, ní oṣù kejì ọdún 2020, oṣù tí wọ́n fi ń rántí ìtàn àwọn adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ilé ìtàwé Barnes & Noble tó wà ní Fifth Avenue àti ilé-iṣẹ́ Penguin Random House pinnu láti fi èèpo tuntun gbé ìwé àtijọ́ 12 jáde. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà yẹ 100 ìwé wò, láti mọ èyí tí òǹkọ̀wé kò ti sọ àwọ̀ ara ẹni tí ìtàn dá lé. Wọ́n wá ya irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ní adúláwọ̀ tàbí ní ẹ̀yà mìíràn tí kì í ṣe òyìnbó.

Kí ọjà tó ṣí, ariwo ti ta. Àwọn òǹkọ̀wé adúláwọ̀ ní ojú lásán ni wọ́n kùn lọ́dà, inú kò yí padà. Ẹ wo The Secret Garden, ìwé Frances Hodgson Burnett ti ọdún 1911: ọmọbìnrin inú rẹ̀ gbaná jẹ nígbà tí ọmọ-ọ̀dọ̀ sọ pé òun rò pé aláwọ̀ dúdú ni, ó sì sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ilẹ̀ Íńdíà bí ẹni pé wọn kì í ṣe èèyàn. Ẹ wo Frankenstein náà, tí Mary Shelley gbé jáde lọ́dún 1818. Òǹkọ̀wé sọ pé àwọ̀ ara ẹ̀dá abàmì náà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Bí wọ́n bá wá fi àwọ̀ adúláwọ̀ wọ ẹ̀dá tí gbogbo ènìyàn ń sá fún, ta ni wọ́n bu iyì fún?

Ẹ̀sùn tó wúwo jù ni pé ìwé táwọn adúláwọ̀ fúnra wọn kọ wà nílẹ̀, tó yẹ kó gba àyè iwájú ilé ìtàwé lóṣù náà. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù náà ni wọ́n fagi lé ètò ọ̀hún. Ilé ìtàwé náà gbà pé èèpo tuntun kò lè rọ́pò ohùn àwọn òǹkọ̀wé adúláwọ̀.

Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Kọ̀ǹpútà lè wá orúkọ àwọ̀ nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí àwọ̀ náà ń ṣe nínú ìtàn. Inú ìwé ni àwòrán Starke ti wá, ó sì bá ìwé náà mu. Ayàwòrán tó bá fẹ́ dá aṣọ tuntun fún ìwé àtijọ́, kíkà ni kó kọ́kọ́ kà á.