Bí A Ti Í Fi Ohun Iyebíye Kékeré Ránṣẹ́ Láì Sọnù

Púpọ̀ nínú àwọn ìyá àti ọmọbìnrin ilé wa ni ó ti sọ íntánẹ́ẹ̀tì di ọjà. Ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn a gbé àwòrán iyùn síta ní òwúrọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹni tí kò rí i rí, ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ́nù, ti san owó rẹ̀. Ohun rere ni èyí. Ṣùgbọ́n bí òrùka tàbí yẹtí bá sọnù lọ́nà, kì í ṣe ọjà nìkan ni ó nù. Orúkọ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàtẹ a máa bá a lọ, orúkọ sì ṣòro í rà padà.

Ní ọdún 1958, Harry Winston, oníṣòwò òkúta iyebíye ní New York, fi dáyámọ́ńdì Hope, tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé, ta Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington lọ́rẹ. Ó wé e sínú bébà rúsúrúsú lásán, ó sì fi í ránṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà rẹ́jísítà. Dọ́là 2 àti sẹ́ǹtì 44 ni owó ìfiránṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó san dọ́là 142 àti sẹ́ǹtì 85 lé e fún adójútòfò mílíọ̀nù kan dọ́là. Ní ọjọ́ 10 oṣù Nòfẹ́ńbà, ó gúnlẹ̀ láìfarapa. Ẹ kíyèsí i: Winston fi iye ẹrù rẹ̀ hàn fún ẹni tí yóò ṣọ́ ọ, ó sì fi í pamọ́ fún gbogbo ojú mìíràn. Ọgbọ́n náà ni a fẹ́ kí ẹ̀yin náà lò.

Èkíní, kí a tó di ẹrù, kí a rí i dájú pé owó ti wọ àkáǹtì wa ní báńkì. Áláàtì orí fóònù kì í ṣe owó. Àwọn ẹlẹ́tàn a máa fi ti irọ́ ránṣẹ́. Ìfura ni oògùn àgbà.

Èkejì, kí a má ṣe fi òrùka sínú àpò lẹ́tà lásán, nítorí yóò wú síta, yóò sì ya bébà náà. Kí a fi òwú wé e, kí a fi í sínú páálí kékeré tí ó le, kí a tún fi ìyẹn sínú èyí tí ó tóbi jù ú, kí a sì fi bébà há àyíká rẹ̀ gádígádí. Kí a gbọ̀n ọ́n wò: bí ó bá ń dún, kí a tún un dì, nítorí ìró náà ni yóò pe olè. Kí a má ṣe kọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sí òde. Kí a fi ìwé àdírẹ́sì kan sínú, bóyá ti òde lè ya.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀rí. Kí a ya àwòrán ọjà náà kí a tó lẹ páálí, kí a sì wọ̀n ọ́n. Kí a má ṣe fi í lé dírébà lọ́wọ́ ní gáréèjì láì gba ìwé. Ní ilé ìfìwéránṣẹ́, kí a béèrè fún rẹ́jísítà tàbí EMS. Nọ́ńbà ẹrù tí ń lọ sí òkè òkun ní lẹ́tà 2, òǹkà 9, àti lẹ́tà 2 mìíràn. NG ni ó ń parí ti Nàìjíríà. Ní ọjọ́ náà gan-an ni kí a fi í ránṣẹ́ sí oníbàárà wa.

Ẹ̀kẹrin, òtítọ́. Àwọn kan a máa kọ “ẹ̀bùn” sínú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, tàbí kí wọn dín iye ọjà kù, kí owó orí má baà pọ̀. Irọ́ ni, irọ́ náà a sì máa yí padà bá ẹni tí ó pa á: bí ẹrù bá nù, adójútòfò kì í san ju iye tí a kọ lọ. Kí a sì kọ́kọ́ béèrè, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn kì í gba ohun ọ̀ṣọ́ rárá.

Bí ẹnìkan bá wí pé ìnáwó yìí yóò jẹ èrè òun, ìdáhùn wa ni pé kí ó ti kà á mọ́ iye ọjà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó sì sọ ọ́ fún oníbàárà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ó sanwó fún wa láì rí ojú wa ti fi ọkàn tán wa. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a já a kulẹ̀. Kí Ọlọ́run kí ó bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa gbogbo.