Àjàṣẹ́: Ẹ má fi sìmẹ́ńtì pa igi ìbòji

Ìlú ń gbóná ju oko lọ. Ọ̀dà títì àti sìmẹ́ńtì a máa gba oòrùn lọ́sàn-án, wọn a sì tú ooru rẹ̀ jáde lóru. Igi ló ń bá wa tù ú: ó ń fa omi nílẹ̀, ó ń gba ojú ewé mí in jáde. Ní Àjàṣẹ́, àwọn ìrókò inú ọgbà tó jẹ́ igbó ọba láyé àtijọ́ ṣì ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Ṣùgbọ́n bí a bá fi sìmẹ́ńtì dí ìdí igi pa, òjò kò ní wọlẹ̀, gbòǹgbò á gbẹ, igi á wọ́wé. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń pàtẹ sábẹ́ igi, ẹ̀fọ́ yín ni yóò kọ́kọ́ rọ.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ni Ọjọ́ Igi ní Bẹ̀nẹ̀. Bí a ti ń gbin tuntun, ẹ jẹ́ ká dá ilẹ̀ sí yí ìdí èyí tó wà ká.