Bí Kọ̀ǹpútà Bá Dákẹ́: Kí Ni Ó Kú Nínú Rẹ̀?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Òṣogbo àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń bi mí pé kí ló dé tí ìwé ẹ̀yáwó oṣù tó kọjá fi pẹ́ kí ó tó jáde. Mo ti ṣàlàyé ní ìpàdé, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó lè ṣe gbogbo wa láǹfààní, nítorí púpọ̀ nínú wa, pàápàá àwọn olùkọ́ àti àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, ló ní irú ẹ̀rọ yìí.

Ọjọ́ Ajé kan ni. Ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ náà ni ó yẹ kí a san owó ẹ̀yáwó. Mo dé ọ́fíìsì, mo tẹ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà, kò dáhùn. Iná kò tàn, fáànù kò yí. Bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ owó ìfipamọ́ àti gbèsè gbogbo wa wà, àwọn òbí sì ti ń retí owó ilé-ìwé ọmọ. Mo pe alátùn-únṣe kan. Ó tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì, ó mi orí, ó ní, "Akọ̀wé, ẹ̀rọ yìí ti kú. Ẹ ra tuntun, kí ẹ fi òkú rẹ̀ sílẹ̀ fún mi." Owó tuntun kò sí nínú ètò ìnáwó wa rárá, inú owó ẹ̀yáwó yín ni à bá ti mú un. Kí n má parọ́, ẹ̀rù ti bà mí, mo sì ti kọ ìwé ìbéèrè owó náà kí alága wá fọwọ́ sí i.

Ìyá wa kan nínú ìgbìmọ̀, tí wọ́n ní ẹ̀rọ ìlọta ní Ọjà Ọba, ni wọ́n bi mí pé, "Akọ̀wé, kí ni ó kú nínú rẹ̀?" N kò lè dáhùn. Wọ́n ní, "Bí ẹ̀rọ tèmi bá dákẹ́, ṣé òmíràn ni mo máa ń lọ rà? Bẹ́líìtì ni mo kọ́kọ́ ń wò, mo wo epo, mo wo pílọ́ọ̀gì. Ẹ lọ wo ohun tó kú." Ìbéèrè yẹn ló gba owó yín sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ẹ̀ka wa ní Iléṣà, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ló wá lọ́jọ́ kejì. Ohun tí mo rí lọ́wọ́ rẹ̀ nìyí.

ÀKÓJỌ NI KỌ̀ǸPÚTÀ

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kì í ṣe odidi igi kan bí odó. Ohun tí a tò pọ̀ ni. Àwọn ará Iléṣà mọ èyí, nítorí ìlú wọn ni wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ RLG Adúláwọ̀ sí láti máa to kọ̀ǹpútà àti fóònù pọ̀, nígbà tí Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ń ṣe gómìnà láàárín 2010 sí 2018. Ohun tí a bá sì tò pọ̀, a lè tú u wò.

Nínú àpótí náà, pawapáàkì ló ń gba iná láti ara ògiri, tó ń sọ ọ́ di iná kékeré tí ẹ̀rọ lè lò. Mọ́dábọ́ọ̀dù ni pátákó tí gbogbo yòókù so mọ́, tí ọpọlọ ẹ̀rọ, tí wọ́n ń pè ní CPU, jókòó lé. RAM dà bí tábìlì tí a tẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa sí. Hádì dísìkì sì ni kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń kó ìwé pamọ́ sí. Kì í sábà ṣẹlẹ̀ kí gbogbo wọn kú pọ̀. Ọ̀kan ló ń kú, tí àwọn yòókù ń jókòó dè é.

Ẹ BẸ̀RẸ̀ LÁTI ÌTA

Kí ẹnikẹ́ni tó mú skrúdíráfà, kí ó wo ìta ná. Ẹ ki ṣájà fóònù bọ ṣọ́ọ̀kẹ́ẹ̀tì kan náà. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ṣọ́ọ̀kẹ́ẹ̀tì tàbí sitabiláísà ló jẹ̀bi. Ẹ fi wáyà mìíràn dán an wò. Ẹ wo suwíìṣì ẹ̀yìn àpótí, bóyá ẹni tó ń gbálẹ̀ ló pa á. Àwọn pawapáàkì àtijọ́ mìíràn ní suwíìṣì pupa kékeré tí a kọ 115 àti 230 sí. Orí 230 ni kí ó wà nílẹ̀ wa. Bí ó bá wà lórí 115, ó lè jóná lójú ẹsẹ̀.

Ẹ GBỌ́ OHUN TÍ Ó Ń SỌ

Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ bọ́tìnnì, kí ẹ sì tẹ́tí. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó sábà ń gbà hùwà.

Èkíní: iná kò tàn, fáànù kò yí. Pawapáàkì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí kì í bá ṣe òun, ó lè jẹ́ bọ́tìnnì fúnra rẹ̀ tàbí mọ́dábọ́ọ̀dù.

Èkejì: fáànù ń yí, ṣùgbọ́n ojú dúdú. Ẹ fi mọ́nítọ̀ mìíràn dán an wò. Bí ó bá ṣì dúdú, ẹ yẹ RAM wò, nítorí eruku ọyẹ́ a máa wọ ibi tí ó ti fẹnu kan mọ́dábọ́ọ̀dù. Ẹ yọ iná kúrò lára ògiri, ẹ fọwọ́ kan irin àpótí kí iná ara yín lè bọ́ sílẹ̀, ẹ yọ RAM, ẹ fi rọ́bà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń pa ìwé rẹ́ nu ẹnu rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ padà títí yóò fi ró "kẹ́". Bí ó bá jẹ́ méjì, ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan dán an wò. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn a máa ké "píì, píì". Ẹ ka iye rẹ̀, nítorí ó ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ náà yàtọ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan sí èkejì. Ẹ wo mọ́dábọ́ọ̀dù pẹ̀lú: bí orí àwọn kápásítọ̀, tó dà bí agolo kéékèèké, bá ti wú, iṣẹ́ oníṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀kẹta: àwòrán hàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò wọlé. Hádì dísìkì tàbí wáyà rẹ̀ ni kí ẹ fura sí. Bí ẹ bá ń gbọ́ "kọ́, kọ́, kọ́" nínú rẹ̀, ẹ pa á kíá, ẹ má tún tan án, kí àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ má baà bàjẹ́ sí i.

Bí ẹ̀rọ bá sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tí déètì rẹ̀ ń padà sí ọdún àtijọ́, bátìrì CR2032 tó rí bí owó ẹyọ, tó jẹ́ fólítì 3, ló ti rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kò dára kí ìwé gbèsè gbé déètì èké.

BÍ A ṢE MÚ TIWA

Ọ̀nà èkíní ni tiwa. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yọ iná, ó tú gbogbo wáyà pawapáàkì kúrò lára àwọn yòókù, ó fi irin ìkówèépọ̀ kan so wáyà aláwọ̀ ewé mọ́ dúdú lẹ́nu pílọ́ọ̀gì ńlá, kí ó tó dá iná padà. Pawapáàkì tó bá yè, fáànù rẹ̀ yóò yí. Tiwa kò mira. Ó mú èyí tó ń lò nínú ẹ̀rọ tirẹ̀, ó so ó mọ́ tiwa, a tẹ bọ́tìnnì, kọ̀ǹpútà sì jí! Ó ní bí fáànù bá tilẹ̀ yí, kí a ṣì fi mítà wọn iná rẹ̀: wáyà aláwọ̀ ìyeyè fólítì 12, pupa 5, aláwọ̀ ọsàn 3.3, kò gbọdọ̀ fi ju ìdá 5 nínú 100 lọ yàtọ̀.

Ìkìlọ̀ méjì, mo bẹ̀ yín. Ẹ má ṣí ikùn pawapáàkì fúnra rẹ̀ láé. Iná a máa kù sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri, ó sì lè pani. Bákan náà, kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló ní irú pílọ́ọ̀gì yìí. Ọ̀pọ̀ Dell àti HP ní tiwọn lọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe é.

ẸJỌ́ TÈMI

Ọjọ́bọ̀ ni a rí pawapáàkì rà, iye rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó kọ̀ǹpútà tuntun. Ìwé jáde lọ́jọ́ Ẹtì, a sì san owó lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e dípò Sátidé. Ẹ má bínú.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ń dùn mí. Ẹ̀dà àkọsílẹ̀ tí mo ṣe kẹ́yìn ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí ó bá jẹ́ hádì dísìkì ló kú, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà owó yín ni à bá máa fi ẹnu sọ. Bí a bá sì fi "òkú" náà sílẹ̀ fún ẹni àkọ́kọ́, orúkọ àti gbèsè gbogbo wa ni à bá fi tọrẹ, nítorí hádì dísìkì kò ní àrùn kankan.

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ ti pinnu báyìí: lálaalẹ́, kí a yọ kọ̀ǹpútà kúrò lára ògiri, ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kí a ṣe ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ akápò, kí ìwé lẹ́jà má dáwọ́ dúró, kí ẹ̀rọ má sì jáde lọ́fíìsì pẹ̀lú hádì dísìkì wa nínú. Bí akọ̀wé bá tún ní ohun èlò kan ti kú, kí ó kọ ohun tó kú nínú rẹ̀ kí ó tó béèrè owó.

Àwọn baba wa Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ àwìn, tí a ń pè ní Òṣómàáló, kì í dìde lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọn ó fi gba owó wọn. Bẹ́ẹ̀ ni kí àwa náà lóṣòó ti ẹ̀rọ tó bá dákẹ́, títí yóò fi jẹ́wọ́ èyí tó kú nínú rẹ̀.

Èmi ni akọ̀wé yín.