Ṣúgà Tó Ń Tú Àṣírí Ọpọlọ

Bí ọ̀dọ́bìnrin kan ní Orè bá ṣàdéédé ń sọ ìsọkúsọ, tí kò sùn, tí gìrì ń gbé e, ọ̀pọ̀ ẹbí á kọ́kọ́ gbé e lọ sí ilé àdúrà. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n láti 2007 tí dókítà ọpọlọ Josep Dalmau àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣàpèjúwe irú àìsàn bẹ́ẹ̀ kan, a túbọ̀ mọ̀ pé ohun tí ara fi ń gbèjà ara rẹ̀ lè dojú ìjà kọ ọpọlọ. Àwòrán MRI ń fi ìrísí ọpọlọ hàn, ó sì lè má rí nǹkan kan. Ibi tí ọpọlọ ti ń jẹ ṣúgà ni ẹ̀rọ PET ń wò: wọ́n á fa ṣúgà tí wọ́n so mọ́ fluorine-18 sí iṣan ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Nínú àìsàn tí Dalmau ṣàpèjúwe, ẹ̀yìn ọpọlọ, níbi ìríran, sábà máa ń dà bí ẹni tí ebi ń pa.

Àwọn kan á ní oògùn àti gìrì náà lè yí àwòrán padà. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ omi ọ̀pá ẹ̀yìn wò pẹ̀lú. Àtakò tó le jù ni ti ọ̀nà: fluorine-18 ń dín kù sí ìdajì láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 110, ẹ sì mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Èkó sí Bìní. Nítorí náà, ṣúgà náà kò ní lè wá bá aláìsàn; aláìsàn ni yóò wá ẹ̀rọ lọ. Ṣùgbọ́n ìlànà tí àwọn onímọ̀ gbé jáde lórí irú àìsàn yìí ní 2016 kò ní kí ìtọ́jú dúró de èsì gbogbo àyẹ̀wò. Dókítà ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó, níbi tí Orè wà, tó bá fura, tó sì yọ ibà àti àrùn yírùnyírùn kúrò, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.