Ìwọ̀fà àti Ààlà Agbára Àwùjọ lórí Ẹni: Àpẹẹrẹ Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù

Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀nà tó ti Òṣogbo lọ sí Ọ̀fà. Ní sẹ́ńtúrì 19, ogun Ìlọrin àti Ìbàdàn kò jẹ́ kí agbègbè yìí sinmi. Àwọn ará Òkukù sá wá forí pamọ́ sí Ìkìrun, Ìkìrun náà ni ogun Jálumi sì ti wáyé ní oṣù kọkànlá ọdún 1878. Ẹni tí ogun bá kó di ẹrú. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè bọ́ sábẹ́ agbára ẹlòmíràn láìsí ogun: ó lè di ìwọ̀fà. Nínú òfin ìwọ̀fà ni a ti lè rí ààlà tí àwùjọ Yorùbá pa sí agbára lórí ẹni, àti ibi tí ààlà náà kò ti dé.

Ẹni tó bá yá owó ìsìnkú tàbí owó ìyàwó lè fi ara rẹ̀, ọmọ rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ ìwọ̀fà dúró fún èlé. Kò dín ojú owó kù rárá. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ya ìwọ̀fà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹrú. Àgbà tó jẹ́ ìwọ̀fà ń gbé ilé ara rẹ̀. Apá kan àkókò rẹ̀ ni olówó ní, ìyókù ni yóò fi ro oko tirẹ̀. Olówó kò gbọdọ̀ tà á, ipò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìlú kò sì yẹ̀. Bí olówó bá fipá bá obìnrin tó jẹ́ ìwọ̀fà rẹ̀ lò pọ̀, gbèsè náà parẹ́. Iṣẹ́ ni olówó ní ẹ̀tọ́ sí, kì í ṣe ènìyàn.

Síbẹ̀, àgbà lè gbà láti ṣe ìwọ̀fà. Ọmọdé kò sí níbi tí a ti ń gbèrò rẹ̀. Ọ̀dọ̀ olówó ni ọmọ ń gbé, tọ̀sán tòru, nítorí gbèsè tí kò jẹ. Bí ẹbí kò bá rí ojú owó san, kò sí bí iṣẹ́ rẹ̀ ti lè pọ̀ tó tí yóò fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹbí tó so ó mọ́lẹ̀ náà nìkan ló lè tú u.

Ìwé Karin Barber lórí oríkì ní Òkukù, tó jáde ní 1991, fi hàn pé iye ènìyàn tó yí ọlọ́lá ká ni a fi ń wọn ọlá rẹ̀. Ènìyàn laṣọ, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ìwọ̀fà bá wà lára aṣọ náà, òmìnira ẹlòmíràn ni ọlọ́lá fi bora.

Ní 1859, John Stuart Mill jiyàn pé ìdènà ìpalára fún ẹlòmíràn nìkan ló yẹ kí àwùjọ torí rẹ̀ lo agbára lórí ẹni, àti pé òmìnira kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti ta ara rẹ̀ sóko ẹrú. Ìwọ̀fà dúró lórí ààlà yìí gan-an: kì í ṣe títà, ṣùgbọ́n kò ní ọjọ́ ìparí. Abala 34 òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 ka oko ẹrú àti iṣẹ́ àfipáṣe léèwọ̀. Bí a bá sì tún ń fi ọmọ ránṣẹ́ sílé onílé láti lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ìbéèrè ìwọ̀fà ṣì wà nílẹ̀: ta ni ó bi ọmọ náà bóyá ó fẹ́?